Káfíńtà, ṣéńjì, bọ́jẹ́ẹ̀tì: ọ̀rọ̀ àwọn Celt tí a ń sọ lójoojúmọ́

Akọ̀wé Òwu

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ọ̀jọ́ta, kọ́ńdọ́kítọ̀ sì ń pariwo bí ìṣe rẹ̀ pé kí oníkálùkù wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ̀. Obìnrin kan tí ó jókòó síwájú mi ka owó ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ṣéńjì mi pé o.” Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo mọ ibi tí ó ti rìn wá, mo sì fẹ́ kí a jọ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ níbí.

Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwa ti gbà á. Ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, lẹ́yìn tí àwọn Norman tí ń sọ Faransé ṣẹ́gun wọn ní ọdún 1066. Àwọn Faransé jogún rẹ̀ láti inú Látìnì ìkẹyìn, níbi tí “cambiare” ti túmọ̀ sí kí a fi nǹkan kan ṣe pàṣípààrọ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n “cambiare” kì í ṣe ọmọ bíbí inú Látìnì. Ẹnu àwọn ará Gaul ni àwọn ará Róòmù ti gbọ́ ọ. Gaul ni Róòmù ń pe ilẹ̀ tí ó di Faransé lónìí àti àyíká rẹ̀. Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jagun ní ọdún 58 ṣáájú ìbí Jésù, kò sì tó ọdún mẹ́wàá tí gbogbo ilẹ̀ náà fi bọ́ sábẹ́ Róòmù. Èdè wọn wà nínú ẹbí èdè Celt, ẹbí kan náà tí èdè Welsh ti ilẹ̀ Wales àti èdè Irish ti ilẹ̀ Ireland ti wá; àwọn tí ń sọ èdè ẹbí yìí ni a ń pè ní Celt. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí kò ti sí ẹni tí ó ń sọ èdè Gaul mọ́, síbẹ̀ obìnrin yẹn sọ ẹyọ kan nínú rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta.

Káfíńtà ni ó wá yà mí lẹ́nu jù. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan wà tí ẹran ń fà, tí àwọn ará Róòmù kọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Celt, wọ́n sì ń pè é ní “carpentum”. Ẹni tí ó ń kàn án ni “carpentarius”. Nínú èdè Irish àtijọ́, “carpat” ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ ogun, irú èyí tí Bíbélì wa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti “carpentarius” ni àwọn Faransé ti rí “charpentier”, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí tiwọn, tí àwa sì sọ tiwọn di káfíńtà.

Ẹ̀yin náà, ẹ mú tiyín wá, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọ̀rọ̀ méjì wá nítorí pé wọ́n jọra létí lásán. Kí ẹni tí ó bá mú ọ̀rọ̀ wá fi ọ̀nà tí ó gbà hàn wá, láti ẹnu dé ẹnu.

Káfíńtà Láfẹ́ńwá

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Ọdún 38 ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Abẹ́òkúta, ẹnì kankan kò sì bi mí rí pé kí ni orúkọ iṣẹ́ mi túmọ̀ sí. Àwa máa ń ya ara wa sọ́tọ̀ kúrò lára gbẹ́nàgbẹ́nà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó ń gbẹ́ ère àti ilẹ̀kùn ààfin. Àwa káfíńtà ni a ń kan òrùlé, àga àti bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń kan kẹ̀kẹ́ ni káfíńtà látijọ́, báwo ni orúkọ náà ṣe wá gun orí òrùlé? Èkejì, ta ni ó ń rọ irin tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà? Igi nìkan kò lè ru ẹrù dé ọ̀nà jíjìn. Mo mọ ohun tí òkúta ń fojú igi rí.

Akọ̀wé Òwu

Bàbá, ẹ ṣeun. Orúkọ náà tẹ̀ lé irinṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá lè fi àáké àti ayùn sọ ìtì igi di kẹ̀kẹ́ lè fi wọ́n sọ ọ́ di igi òrùlé, nígbà tí ó sì pẹ́, gbogbo ẹni tí ń kan igi ńláńlá ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè. Títí di òní, òrùlé ni iṣẹ́ “charpentier” ní ilẹ̀ Faransé.

Ní ti irin, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Alágbẹ̀dẹ gidi ni àwọn Celt. Ní Hochdorf, ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n hú sàréè ìjòyè kan ní ọdún 1978, ẹni tí wọ́n sin ní nǹkan bí ọdún 530 ṣáájú ìbí Jésù. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan sin pẹ̀lú rẹ̀, irin ni wọ́n sì fi bo igi kẹ̀kẹ́ náà. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn tún mọ iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn yóò rọ òrùka irin kan ṣoṣo yípo, wọn yóò mú un gbóná janjan, wọn yóò sì fi í bọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ó ṣì pọ́n. Bí wọ́n bá ti da omi sí i, irin yóò sún kì, yóò fún igi pọ̀ dan-in dan-in, kò sì ní í sí pé à ń wá ìṣó.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún irin. Irish ní “iarann”, Welsh ní “haearn”, Jámánì ní “Eisen”, Gẹ̀ẹ́sì ní “iron”. Èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ni pé ọwọ́ àwọn Celt ni àwọn baba ńlá Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ irin lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ jọ wọ ìlú pọ̀ ni.

Ìyá Kétu

Ẹ kú ìjókòó o. Olùkọ́ èdè Faransé ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, “menuisier” ni a ń pe ẹni tí ń kan àga àti ilẹ̀kùn, nítorí náà òótọ́ ni ohun tí Akọ̀wé sọ nípa “charpentier”.

Ẹ jẹ́ kí n mú tèmi wá. Àgùntàn ni “mouton”, òun náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà tí wọ́n fi ń pe ẹran rẹ̀ ní “mutton”. Nínú Welsh, “mollt” ni, nínú Irish, “molt”, àgbò tí a tẹ̀ lọ́dàá ni méjèèjì sì túmọ̀ sí. “Ruche” ni ilé tí a kọ́ fún oyin. Èèpo igi ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn ará Gaul, gẹ́gẹ́ bí “rúsc” ti túmọ̀ sí èèpo igi nínú Irish, nítorí pé èèpo igi ni wọ́n ń ká róbótó kí oyin lè wọ inú rẹ̀. “Boue” ni ẹrẹ̀. “Baw” ni ìdọ̀tí nínú Welsh. “Chemin” ni ọ̀nà. “Céim” ni ìṣísẹ̀ nínú Irish.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni mo fi sẹ́yìn. Àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù “quatre-vingts”, ìyẹn ọgọ́rin, nítorí “ogún mẹ́rin” ni ó túmọ̀ sí gan-an. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé pé, “Ẹ̀yin ti mọ èyí tẹ́lẹ̀! Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin.” Ojú wọn á là lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Látìnì kò ka nǹkan báyìí. Àwọn Welsh ni ó ń kà á bẹ́ẹ̀: “deugain” ni ogún méjì, “trigain” ni ogún mẹ́ta, “pedwar ugain” ni ogún mẹ́rin. Ó dá mi lójú pé ogún tí àwọn ará Gaul fi sílẹ̀ fún Faransé ni.

Ayẹ̀wò

Mo kí gbogbo àgbà tó wà níbí. Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo gba àgùntàn, ilé oyin, ẹrẹ̀ àti ọ̀nà lọ́wọ́ yín tọkàntọkàn. Ọgọ́rin ni n kò lè gbà bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀rí tí ẹ mú wá ni pé Welsh ń fi ogún ka nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn Basque, ní ààlà Faransé àti Sípéènì, tí èdè wọn kì í ṣe ẹbí Celt rárá ń fi ogún kà: “laurogei”, ogún mẹ́rin, ni ọgọ́rin lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ará Denmark náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa gan-an ni ẹlẹ́rìí tó tóbi jù, nítorí àwọn baba wa kò bá ará Gaul pàdé rí, síbẹ̀ ẹ fi ẹnu ara yín sọ bí a ti ń fi ogún kà. Ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ pé ogún lára ọmọ ènìyàn níbi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni ó tún jẹ́ pé ní La Graufesenque, ní gúúsù Faransé, níbi tí àwọn amọ̀kòkò Gaul ti ń kọ iye àwo tí wọ́n sun, ipò kìn-ín-ní títí dé ìkẹwàá ni àkọsílẹ̀ wọn fi hàn wá. Kò sí ohun tí ó fi ogún hàn níbẹ̀. Lóòótọ́, Faransé ìgbà àárín fi ogún kà ju ti òde òní lọ. Ọba Louis kẹsàn-án dá ilé kan sílẹ̀ ní Paris ní nǹkan bí ọdún 1260 fún ọ̀ọ́dúnrún afọ́jú, “Quinze-Vingts”, ogún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni wọ́n sì pè é. Ilé ìwòsàn ojú ni lónìí. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Gaul ni àṣà náà ti wá. Ṣùgbọ́n “ó ṣeé ṣe” kò tíì di “ó dá mi lójú”.

Kí ẹ má bàa rò pé mo kàn ń ba nǹkan jẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo ń pè ní ẹ̀rí hàn. Ọba ni “rex” nínú Látìnì, fáwẹ́lì inú rẹ̀ sì jẹ́ “e” gígùn. Àwọn Celt nìkan ni ó sọ “e” gígùn àtijọ́ yẹn di “i” gígùn láàárín àwọn aládùúgbò wọn, ìdí nìyí tí ọ̀gágun Gaul tí ó túúbá fún Caesar ní ọdún 52 ṣáájú ìbí Jésù fi ń jẹ́ Vercingetorix, tí “rix” ìparí rẹ̀ túmọ̀ sí ọba. Bí Jámánì bá jogún ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀dọ̀ baba tirẹ̀, “i” kò ní í sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n “i” ni a bá nínú ọ̀rọ̀ wọn àtijọ́ fún ìjọba àti agbára, èyí tí ó di “Reich” ní Jámánì, tí ó sì di “rich”, ọlọ́rọ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Fáwẹ́lì kan ṣoṣo tú àṣírí pé ọwọ́ Celt ni wọ́n ti gbà á. Irú àmì yìí ni mo ń wá, kì í ṣe pé nǹkan méjì jọra.

Ẹ tún ṣọ́ra fún “cam”. Méjì ni nínú Welsh. Ọ̀kan túmọ̀ sí ohun tó wọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ so mọ́ “cambiare”, tí ó di ṣéńjì. Èkejì túmọ̀ sí ìṣísẹ̀, ó bá “chemin” Ìyá tan. Ohùn kò yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ọkọ́ àti ọkọ̀ ti rí lọ́dọ̀ wa; ìtàn wọn nìkan ni ó yà wọ́n.

Ìyá Kétu

Ọmọ mi, o kú ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn Basque ni ó mú mi. N óò máa sọ fún àwọn ọmọ láti ìsinsìnyí pé ó ṣeé ṣe, n kò ní í sọ pé ó dájú. Ṣùgbọ́n n óò máa fi ọgọ́rin kọ́ wọn bí mo ti ń ṣe, nítorí pé ó ń yé wọn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Bahia

Ẹ kú ọjọ́ o, láti Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil. Ọ̀rọ̀ “chemin” Ìyá ni mo fẹ́ gbà sọ. “Caminho” ni ní èdè Pọtogí, “camino” ni ní èdè Sípéènì, orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ṣàn wá. Níbí, bí ènìyàn bá rúbọ sí Èṣù tàbí Ògún, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé kí wọ́n ṣí “caminho”, kí wọ́n la ọ̀nà. Ní Kúbà ni ọ̀rọ̀ náà ti wọlé jù. Bí Yemọja kan ṣoṣo ti ní oríṣiríṣi ìrísí àti orúkọ, tí Ẹlẹ́gbára náà sì ní tirẹ̀, ìrísí kọ̀ọ̀kan ni àwọn olórìṣà Kúbà ń pè ní “camino” òrìṣà yẹn. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ kan tí wọn yóò fi ṣàlàyé òrìṣà wọn nínú èdè àjèjì, ọ̀rọ̀ àwọn ará Gaul tí Róòmù ṣẹ́gun ni ó sì bọ́ sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ èyí, mo jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Kí n má gbàgbé ọtí. “Cerveja” ni bíà níbí, “cerveza” ni ní Kúbà. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù tí ó kú ní ọdún 79, kọ ọ́ sílẹ̀ pé “cervesia” ni orúkọ ọtí ọkà ní Gaul. “Cwrw” ni àwọn Welsh ń pè é títí di òní.

Aṣojú Peckham

Ẹ̀yin ènìyàn mi, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà bọ́jẹ́ẹ̀tì ni tèmi. Ìwé ìròyìn lè kọ “ètò ìṣúná”, ṣùgbọ́n nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, bọ́jẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Àpò awọ ni “bulga” lẹ́nu àwọn ará Gaul. Festus tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Látìnì sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Faransé sọ ọ́ di “bouge”, àpò kékeré sì di “bougette”. Gẹ̀ẹ́sì gba àpò náà, nígbà tí ó yá, ohun tó wà nínú àpò ni wọ́n ń fi orúkọ àpò pè. Nínú Irish òde òní, ikùn ni “bolg”. Àpò owó àti ikùn: ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ kejì mi ni ẹ́ḿbásì. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dún tó kọjá láti gba ìwé kan ní ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè kan, mo dúró lórí ìlà nínú òtútù lẹ́ẹ̀mẹrin. Nínú òtútù yẹn ni mo ti ń ronú lórí orúkọ tó wà lára ògiri wọn. Caesar kọ ọ́ pé àwọn ọlọ́lá Gaul máa ń ní “ambacti” púpọ̀ lẹ́yìn wọn, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ tí ń yí wọn ká. Láti ibẹ̀ ni Látìnì ìkẹyìn ti rí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ tí a rán ènìyàn, tí ó wá di ti aṣojú ọba. Ní Jámánì, ọ̀rọ̀ kan náà di “Amt”, ọ́fíìsì ìjọba. Kò yẹ kí ó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu pé ìránṣẹ́ di aṣojú: ẹrú Aláàfin ni àwọn ìlàrí, síbẹ̀ bí ìlàrí bá wọ ìlú, Aláàfin ni ó wọlé.

Ayẹ̀wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rọ̀ ìlàrí yìí bọ́ sójú ẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, kí a má bàa rò pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ni. Àwọn Gaelic ti Scotland, tí àwọn náà jẹ́ Celt, ni ó fún Gẹ̀ẹ́sì ní “clan”, ìyẹn ẹbí ńlá. Ọmọ ni “clann” túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an yá a lọ́wọ́ Látìnì, láti ara “planta”, ọ̀gbìn tí ń yọ. Èdè kan kì í yá ni lówó kí òun náà má yá.

Káfíńtà Láfẹ́ńwá

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná. Ìbéèrè kan ṣì ń dùn mí. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ kẹ̀kẹ́, oyin, ẹrẹ̀, àgùntàn àti àpò ni ó ṣẹ́kù? Níbo ni ìyá, bàbá, ọmọ àti ilé wọn wà?

Akọ̀wé Òwu

Bàbá, ìbéèrè yìí ni mo ti ń dúró dè. Nígbà tí Róòmù jọba ní Gaul, àwọn ọlọ́lá ni ó kọ́kọ́ ju èdè wọn sílẹ̀, nítorí Látìnì ni èdè ilé ẹjọ́, ti ọjà ńlá àti ti ipò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun dé ipò, Látìnì ni yóò fi bá a sọ̀rọ̀ nílé. Bí ìran méjì mẹ́ta bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, “bàbá” àti “ìyá” ni ó kọ́kọ́ ń lọ, nítorí àwọn ni ọmọ kọ́kọ́ ń gbọ́. Ohun tí Róòmù kò mọ̀ dáadáa, tàbí tí kò kà sí, ni ó dúró. Wáìnì ni Róòmù ń mu, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọtí ọkà dúró. Àgbẹ̀ inú igbó kò ní ẹni tí yóò kọ́ ọ ní orúkọ Látìnì fún igi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, nítorí náà ni “chêne” àti “bouleau”, orúkọ igi méjì nínú igbó wọn, fi jẹ́ ọ̀rọ̀ Gaul títí di òní. Kẹ̀kẹ́ àwọn ará Gaul dára ju ti Róòmù lọ, Róòmù sì ra kẹ̀kẹ́ mọ́ orúkọ rẹ̀. Láti ara “carrus”, orúkọ kẹ̀kẹ́ wọn mìíràn, ni “carro” àwọn ará Bahia, ìyẹn mọ́tò, ti wá, àti kágò tí ẹ ń gbọ́ ní èbúté Àpápá.

Ó ń dun èmi náà, n kò ní í purọ́. Èdè Cornish, èdè Celt kan ní Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú pẹ̀lú àwọn arúgbó irú Dolly Pentreath, ẹni tí ó kú ní ọdún 1777. Ned Maddrell, ẹni ìkẹyìn tí ó gbọ́ èdè Manx, èdè Celt mìíràn, láti kékeré ní Erékùṣù Man, kú ní ọdún 1974, nígbà tí èmi ti wà láyé. Àwọn ènìyàn ti ń kọ́ èdè méjèèjì padà báyìí, àwọn ọmọ kan sì ń fi Manx kàwé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ti Gaul kò ní olùkọ́ mọ́.

Káfíńtà Láfẹ́ńwá

Ẹ ṣeun. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ọ̀sán yìí. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ti kan kẹ̀kẹ́ rí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọmọlanke ni ọ̀gá mi ń kàn fún àwọn alábàárù ọjà Láfẹ́ńwá. Igi ìrókò ni a ń lò fún ọ̀pá rẹ̀. Èmi ni mo máa ń di ẹsẹ̀ méjèèjì mú nígbà tí ọ̀gá bá ń ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, bí kò bá sì gún régé, yóò ní kí n tú u, kí a tún un ṣe. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ọmọlanke, bí “carpentum” tí Akọ̀wé sọ. Ọ̀kan tí a kàn ní ọdún náà ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti jẹrà, ṣùgbọ́n ìrókò rẹ̀ kò yẹ̀. Lọ́la, èmi àti àwọn ọmọ náà yóò gbé e síta, a ó sì ṣe ẹsẹ̀ mìíràn fún un.